Aloma Mukhtar àti Georgina Wood: Obìnrin Àkọ́kọ́ Nípò Adájọ́ Àgbà

Georgina Wood ló ṣáájú: ọdún 2007 ló di obìnrin àkọ́kọ́ tó jẹ Adájọ́ Àgbà ní Gánà, Aloma Mariam Mukhtar sì dé irú ipò bẹ́ẹ̀ ní Nàìjíríà lọ́dún 2012. Síbẹ̀, ọ̀nà Mukhtar ló jọ mí lójú jù, nítorí pé òun ni obìnrin àkọ́kọ́ ní ilé ẹjọ́ gíga Kánò lọ́dún 1977, ní ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn lọ́dún 1987, àti ní ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ lọ́dún 2005. Ẹni 70 ọdún ni òfin ní kí àwọn méjèèjì fẹ̀yìn tì; Wood lo ọdún 10, ó sì ráyè gbé ètò ìpẹ̀tùsááwọ̀ lárugẹ, àmọ́ ohun tó kù fún Mukhtar kò ju ọdún méjì àti oṣù díẹ̀ lọ.