Loft inú fáktírì àtijọ́ àbí loft tuntun: ohun tó yẹ kí ẹ wò kí ẹ tó sanwó

Oríṣi méjì ni wọ́n ń tà tí wọ́n sì ń pe méjèèjì ní loft. Èkíní ni fúlàtì tí wọ́n gé sínú ilé tó ti jẹ́ fáktírì tàbí ilé ìkẹ́rùsí tẹ́lẹ̀. Èkejì, ilé tuntun ni, tí wọ́n kọ́ kó lè jọ ti àtijọ́: páìpù wà ní gbangba, wọ́n sì lẹ bíríkì tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ ògiri. Kọ́ńdò ni méjèèjì sábà máa ń jẹ́. Inú fúlàtì nìkan ló jẹ́ tiyín. Òrùlé, ògiri ìta àti àtẹ̀gùn jẹ́ ti gbogbo onílé pọ̀, gbogbo yín lẹ ó sì jọ máa tún un ṣe.

Ká sọ òótọ́, ojú ń rí ẹwà nínú ti àtijọ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́ ọ fún, ìyẹn ni àjà rẹ̀ fi lè ga tó ẹsẹ̀ bàtà 12 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Fèrèsé rẹ̀ gbòòrò nítorí pé ìmọ́lẹ̀ ojúmọ́ ni òṣìṣẹ́ fi ń ríran kí iná mànàmáná tó gbilẹ̀. Tí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ wà nínú rẹ̀, ẹ wo ojú fèrèsé: ògiri fáktírì nípọn débi pé ẹ lè jókòó síbẹ̀. Ẹ fi ìka lu bíríkì náà. Èyí tí wọ́n lẹ̀ sábà máa ń dún bí ohun tó ní ihò lẹ́yìn.

Ṣùgbọ́n bíríkì yẹn náà ló ń jẹ́ kí òtútù àti ooru wọlé, pàápàá tí fèrèsé bá jẹ́ ti irin tó ní gíláàsì ẹyọ kan. Afẹ́fẹ́ gbígbóná á sì gbéra lọ sókè àjà, níbi tí kò sí ẹni tó ń gbé. Ilé tuntun borí níbí. Ní ti ariwo, ẹ béèrè ohun tí wọ́n fi ṣe ilẹ̀ àjà òkè. Tó bá jẹ́ igi, ẹ óò máa gbọ́ ẹsẹ̀ aládùúgbò. Mo ti dúró nínú ọ̀kan rí tí mo mọ ìgbà tí bọ́ọ̀lù ọmọ kan kọlu ògiri lókè. Kọnkéré ń gbé ohùn náà, àmọ́ ó sàn jù igi lọ. Alẹ́ ni kí ẹ lọ wò ó, nígbà tí àwọn ènìyàn ti dé láti ibi iṣẹ́.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa nìyí: kí ni wọ́n ń ṣe nínú fáktírì náà? Ní Hoboken, ìpínlẹ̀ New Jersey ní Amẹ́ríkà, àwọn kan sọ fáktírì kan di ibùgbé ní nǹkan bí ọdún 1993 sí 1995. Wọ́n ti ń fi mẹ́kúrì, irin olómi tó ní májèlé, ṣe gílóòbù níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nígbà tí iṣẹ́ àtúnṣe ń lọ, mẹ́kúrì yọ, ó ń dán wínríwínrí bíi fàdákà. Níbẹ̀rẹ̀ ọdún 1996, wọ́n kó àwọn tó ń gbé ibẹ̀ jáde, nígbà tó yá, wọ́n wó ilé náà palẹ̀. Kò sí ọ̀dà tàbí bíríkì tó lè bo irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ilé mìíràn, òjé inú ọ̀dà àtijọ́ ni, tàbí asbestos (okùn òkúta tó léwu fún ẹ̀dọ̀fóró) tí wọ́n fi wé páìpù, tàbí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ gírísì kúrò lára irin, tí ó ti wọ ilẹ̀ lọ, tí oru rẹ̀ sì ń gba abẹ́ ilé jáde. Nítorí náà, ẹ gba ìwé àyẹ̀wò ilẹ̀ àti ti afẹ́fẹ́ inú ilé. Ẹni tó ń ra tuntun náà kò bọ́ o: orí ilẹ̀ fáktírì tí wọ́n wó ni wọ́n lè kọ́ ọ sí.

Ìwé kejì ni àṣẹ pé ènìyàn lè gbé ibẹ̀. Ní SoHo ní New York, àwọn oníṣẹ́ ọnà ti ń gbé inú fáktírì kí òfin tó gbà wọ́n láyè ní 1971. Títí di 1982 ni ìpínlẹ̀ náà ṣì ń ṣòfin fún ààbò àwọn tó ń gbé irú ilé bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n má fi “ó ń bọ̀” dá yín lóhùn.

Ní ti owó, ẹ má wo iye tí onílé ń san lóṣooṣù fún ìtọ́jú ilé nìkan. Nínú ilé tuntun, ó lè kéré níbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ẹni tó kọ́ ọ ṣì ń tajà. Nínú ti àtijọ́, ẹ béèrè iye tó wà nínú àpò ìpamọ́ àwọn onílé, kí ẹ sì ka àkọsílẹ̀ ìpàdé wọn ọdún méjì tó kọjá. Tí òrùlé ń jò bá jẹ yọ nínú ìpàdé mẹ́ta, tí àpò sì ṣófo, ẹ̀yin ni wọ́n ń dúró dè.

Èmi fúnra mi, ti àtijọ́ tó ní ilẹ̀ kọnkéré ni mo máa mú, bí ìwé méjèèjì bá pé. Bí wọn kò bá pé, mo máa gba tuntun láìro ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún mú téèpù dání. Pẹpẹ òkè tí wọ́n ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì sí wà lára ìwọ̀n tí àwọn mìíràn ń tà, bẹ́ẹ̀ sì ni ẹ kò lè nàró níbẹ̀.