Fúrù eléédú tí mo rà ní Ouando: ó mọ kọ́bìlà í ṣe, kò mọ kéèkì

22,000 sẹ́fà ni mo fi ra fúrù eléédú yìí, ààrò tí a fi ń yan nǹkan, lọ́wọ́ ajórin kan létí ọjà Ouando, níhìn-ín ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní ìparí oṣù kẹta. Ẹ má bi mí ní orúkọ rẹ̀, mi ò ní í sọ, torí ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò nípa ilẹ̀kùn rẹ̀ kò ní í dùn mọ́ ọn. Irú rẹ̀ sì pọ̀ lọ́wọ́ àwọn ajórin: àpótí irin tí kò ga ju orúnkún mi lọ, àyè èédú wà nísàlẹ̀, irin gbọọrọ mẹ́fà tí a ń gbé àwo lé wà láàárín, orí rẹ̀ tẹ́jú, ó sì ní etí yíká kí ẹ̀yín iná tí a bá dà lé e má baà já bọ́. Kò ní wáyà, kò lo gáàsì.

Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Amẹ́ríkà ló kó mi sí i. Nígbà tó wálé, ó ṣe kọ́bìlà fún wa nínú fúrù gáàsì aládùúgbò wa kan. Èso ló wà nísàlẹ̀ tó ń hó nínú omi ara rẹ̀, ìyẹ̀fun tí a fi bọ́tà àti ṣúgà rún ló bò ó lórí. Ọmọ mi àbíkẹ́yìn tọ́ ọ wò, ó ní, "Màámi, gàrí òyìnbó ni." Láti ọjọ́ yẹn kò sẹ́ni tó jẹ́ kí n sinmi nílé.

Àbúrò mi ní kí n má lọ parọ́ fún àwọn ọmọ o, pé kọ́bìlà gidi ti Amẹ́ríkà, ìyẹ̀fun pípò rọ̀bọ̀tọ̀ ni wọ́n máa ń bù lé orí èso rẹ̀, pé èyí tó ń rún yìí, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló ń pè é ní crumble, ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì tí bọ́tà wọ́n ló sì gbilẹ̀ lọ́dọ̀ wọn. Mo ní mo gbọ́. Nílé tiwa, kọ́bìlà ni. Ohun tó wọ̀ mí létí jùlọ nínú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn ará Amẹ́ríkà àtijọ́ tí wọ́n ń fi kẹ̀kẹ́ ẹṣin ṣí lọ síhà ìwọ̀-oòrùn kò ní fúrù kankan. Ìkòkò irin wíwúwo ni wọ́n ń lò. Wọ́n á to ẹ̀yín iná sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á tún kó òmíràn lé ọmọrí rẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti rántí àwọn àpótí irin tí mo máa ń rí ní Ouando.

Èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe, ajá kò jẹ ẹ́. Ọ̀dà dúdú ni wọ́n fi kun fúrù náà látòkè délẹ̀, àti inú rẹ̀ pàápàá, òórùn ọ̀dà sì wọ inú máńgòrò lọ. Nígbà tí mo padà lọ bá ajórin, ó fi Ègùn bi mí pé ṣé mi ò kọ́kọ́ jó o lófìfo ni. Ta ló sọ fún mi? Ẹ gbé e síta, ẹ kún un fún èédú lókè nísàlẹ̀, kí ó jó fún wákàtí méjì láìsí nǹkan kan nínú rẹ̀, kí ẹ wá fi ọṣẹ àti kànhìnkànhìn fọ̀ ọ́. Ẹ tún wo irin rẹ̀ dáadáa kí ẹ tó sanwó. Bí ó bá ń dán bíi páànù ìbolé tuntun, síǹkì ló wà lára rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀ fún un. Bí iná bá mú síǹkì jù, èéfín rẹ̀ a máa dá ibà àti ikọ́ sí èèyàn lára. Irin dúdú ni kí ẹ béèrè.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì, mo kó gbogbo èédú sísàlẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ se ẹ̀wà. Ìdí àwo jóná, ó lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Òkè rẹ̀ ṣì funfun bí ìgbà tí mo gbé e wọlé. Iná òkè ló ń yan ìyẹ̀fun. Mo ti wá mọ̀ ọ́n báyìí: bí mo bá kó àwo ìbùwọ̀n kan ẹ̀yín iná sísàlẹ̀, méjì ni mo ń kó sókè. N kì í fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ rárá. Mo ń dúró kí èédú ran tán, kí eérú funfun bò ó, kí n tó gbé àwo wọlé. Kò sí nǹkan tí yóò sọ fún yín bí ooru rẹ̀ ṣe tó, nítorí náà, ìyẹ̀fun ṣíbí kan ni mo fi ń dán an wò lórí ọmọrí agolo. Bí ó bá pọ́n díẹ̀díẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún, ó ti tó. Bí ó bá dúdú, mo ń fi ẹ̀mú yọ ẹ̀yín iná kúrò.

Ilẹ̀kùn ńkọ́? Ibẹ̀ ni ìjà wà. Ní ṣọ́ọ̀bù, ó pa dé wẹ́kú. Bí iná bá ti mú un, igun rẹ̀ òkè á yà, ìka mi á wọ ibẹ̀, gbogbo ooru á máa gba ibẹ̀ sá lọ. Mo tún gbé e gun zémidjan, ọ̀kadà tiwa, padà lọ bá ajórin. Ó ní, "Ìyá, irin ló ń fẹ̀ bí ó bá gbóná." Òótọ́ ni, irin ń fẹ̀, ṣùgbọ́n ṣé èmi ló yẹ kí n rántí ìyẹn ni àbí ẹni tó jó o? Ó fi ìkọ́ kejì sí i, ó sì gba 1,500 sẹ́fà lọ́wọ́ mi. Èyí dùn mí ju ti ọ̀dà lọ.

Láti ìgbà tí ìkọ́ kejì ti wà, mo ti ṣe kọ́bìlà mọ́kànlá, méjì péré ló bàjẹ́ nínú wọn. Ohun tí mo ń fi ṣe é nìyí: máńgòrò ńlá mẹ́ta tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi láti Ṣábẹ̀, ìdajì ọ̀pẹ̀yìnbó Alada, èyí tí èèpo rẹ̀ ṣì tutù nígbà tó ti pọ́n, tí inú rẹ̀ funfun. Mo gé wọn tóbi, mo fún ọsàn wẹ́wẹ́ sí i, mo ha ata ilẹ̀ díẹ̀, mo sì fi Maizena, ìyẹ̀fun àgbàdo lẹ́búlẹ́bú, ṣíbí kan yí i kí omi rẹ̀ lè ki. Ti òkè: ìyẹ̀fun 200 gíráàmù, bọ́tà 100, ṣúgà 80, iyọ̀ táṣẹ́rẹ́.

Bọ́tà yẹn gbọ́dọ̀ tutù kó le. Ní Àjàṣẹ́ ní oṣù kẹrin, bọ́tà tí ẹ bá gbé sórí tábìlì ti di òróró kí ẹ tó bó máńgòrò tán, bí ó bá sì ti yọ́, ìyẹ̀fun á mu ún, gbogbo rẹ̀ á di ìṣù kan, á le bíi bisikíìtì. Inú fírìjì ni mo ti ń yọ tèmi, mo gé e wẹ́wẹ́, orí ìka nìkan ni mo sì fi ń rún un mọ́ ìyẹ̀fun, àtẹ́lẹwọ́ kì í kàn án, torí àtẹ́lẹwọ́ gbóná. Bí ó bá ti dà bíi gàrí tí omi ta sí, mo dáwọ́ dúró. Mo máa ń gún kúlíkúlí Agonlin ẹ̀kúnwọ́ kan sí i. Àbúrò mi bínú sí kúlíkúlí yìí lórí fóònù. Ẹ dá a lóhùn fún mi.

Ìṣẹ́jú márùnlélógójì. N kì í ṣí ilẹ̀kùn kí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó pé. Bí ó bá jinná, omi máńgòrò á máa gba etí àwo hó jáde, á nípọn, á pọ́n rẹ́súrẹ́sú bíi oyin, àárín á sì sán wẹ́wẹ́ bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Òórùn èédú díẹ̀ máa ń wà lára rẹ̀ tí fúrù gáàsì aládùúgbò kò ní. Ìyá ọkọ mi, tí kì í jẹ nǹkan òyìnbó, gba àwo kejì.

Kéèkì ni mi ò ní í gbìyànjú nínú rẹ̀ mọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ṣe é, ẹ̀ẹ̀mẹta ló rì láàárín, torí kéèkì kò fara da ooru tó ń lọ tó ń bọ̀. Ẹ má sì gbé fúrù yìí wọ yàrá tàbí kíṣíìnì tí a tì pa nígbà òjò. Èéfín èédú tí ẹ kò rí ló ń pani. Abẹ́ àtíbàbà ni tèmi ń gbé.

Bí ẹ bá fẹ́ ra tiyín, ẹ gbé àwo yín dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Àwo gíláàsì ńlá tí àbúrò mi rà fún mi kò gba ẹnu ọ̀nà fúrù yìí wọlé, ìka méjì ló fi jù ú lọ, inú agbada álúmíníọ̀mù ni mo ṣì ń ṣe kọ́bìlà di òní.