Ẹ̀rọ etí oníbátìrì àti oníṣájà: èwo ni kí ará Èkó rà?

Ọdún 21 ni mo fi dúró ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú kí n tó gbà pé etí mi ti ń kú. Kì í ṣe pé n kì í gbọ́ nǹkan. Ohùn ń wọlé, ọ̀rọ̀ ni kì í wọlé. Ọmọ iṣẹ́ á ní, "Ọ̀gá, ẹ sún un," èmi á gbọ́ "ẹ fún un," mo á na bébà sí ẹni tó dúró tì mí, gbogbo wọn á máa wò mí. Àmì ohùn Yorùbá, dò-rè-mí yẹn, kò sọnù, torí apá ibi tí ohùn ti rẹlẹ̀ ló ń gbà wọlé. F, s àti ṣ, tí wọ́n máa ń dún ṣíṣí lókè lọ́hùn-ún, àwọn ló kọ́kọ́ dágbére.

Ẹ̀rọ etí irú méjì ni mo ti rà látìgbà náà. Èyí tí à ń ṣájì bíi fóònù ni mo kọ́kọ́ lò, ó lé díẹ̀ ní ọdún kan. Oníbátìrì ló wà létí mi báyìí. Ẹ̀yìn etí ni wọ́n ń fi méjèèjì há. Àwọn èèyàn ń bi mí pé èwo ni kí àwọn rà fún bàbá àwọn, ó ti sú mi láti máa tún un sọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Kí ẹ tó na kọ́bọ̀

Ẹ lọ yẹ etí wò. Ẹ̀ka etí, imú àti ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn ìjọba, LUTH ní Ìdí-Àràbà, ó wà ní LASUTH ní Ìkẹjà, àwọn aládàáni náà ò sì kéré. Wọ́n á kọ́kọ́ fi iná wo inú etí, torí àwọn kan wà tó jẹ́ pé èérí etí ló dí wọn pa. Wọ́n bá ti yọ ọ́, ó parí, kò sí ẹ̀rọ tí wọ́n fẹ́ rà. Tí kì í bá ṣe èérí, wọ́n á mú yín wọ yàrá kékeré kan tí ariwo ìta kì í dé, wọ́n á fi nǹkan bò yín létí, wọ́n á fún yín ní bọ́tìnnì. Bí ẹ bá ti gbọ́ píín, bó ti wù kó kéré tó, ẹ tẹ̀ ẹ́.

Ìwé èsì àyẹ̀wò tèmi ṣì wà lọ́wọ́ mi. Róbótó pupa ni etí ọ̀tún, X aláwọ̀ búlúù ni etí òsì. Méjèèjì ń rìn bọ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ láti 250, níbi ohùn tó rẹlẹ̀, wọ́n dé 4000, níbi ohùn tó ga, wọ́n já sí kòtò, wọ́n sì tún gòkè díẹ̀ ní 8000. Obìnrin tó yẹ̀ mí wò kò tíì béèrè iṣẹ́ mi. Ó kàn wo kòtò yẹn, ó ní, "Dádì, ẹ̀rọ aláriwo wo lẹ ń bá ṣiṣẹ́?" Ariwo ọlọ́jọ́ pípẹ́ ló sábà máa ń gbẹ́ kòtò síbẹ̀.

Ìwé yẹn ni wọ́n fi ń to ẹ̀rọ, kí ó lè gbé ibi tó kù díẹ̀ káàtó sókè, kó sì fi ibi tó dáa sílẹ̀. Àwọn ẹ̀rọ olówó pọ́ọ́kú tí wọ́n ń kó káàkiri nínú páálí kò mọ ìyẹn. Gbogbo ohùn ni wọ́n ń gbé sókè pọ̀: jẹnẹrétọ̀, ìlẹ̀kùn, ọmọ tó ń sunkún, àti ẹni tó ń bá yín sọ̀rọ̀. Ní Amẹ́ríkà, láti oṣù kẹwàá ọdún 2022, èèyàn lè ra ojúlówó ẹ̀rọ etí láìsí àyẹ̀wò, bí ó bá ti pé ọmọ ọdún 18, tí etí rẹ̀ kò sì tíì bàjẹ́ jù. Bí ọmọ yín bá fi irú rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ gbà á, ẹ súre fún un, kí ẹ sì tún lọ ṣe àyẹ̀wò.

Tó bá jẹ́ òòyì ló ń kọ́ yín, ẹ má ra ẹ̀rọ kankan. Ìyá mi rò pé ẹ̀jẹ̀ ríru ni tiẹ̀. Bó bá ti yíra padà lórí bẹ́ẹ̀dì, àjà á bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Àṣé àwọn òkúta wínníwínní kan tó wà nínú etí ló ṣí kúrò láàyè wọn. Wọ́n dá a dùbúlẹ̀, wọ́n yí orí rẹ̀ sápá kan, wọ́n dúró, wọ́n yí i sápá kejì, wọ́n gbé e dìde. Dókítà Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Epley ló gbé ọ̀nà náà jáde, ó sì kọ nípa rẹ̀ lọ́dún 1992. Màmá fẹsẹ̀ ara wọn rìn jáde, wọ́n ń béèrè bóyá oògùn kankan ò sí ni.

Ọ̀rọ̀ iná

Ohun tí gbogbo èèyàn máa ń sọ ni pé ẹ ò lè lo oníṣájà l'Ékòó torí iná NEPA. Irọ́ ni. Ẹ̀rọ etí kì í fi bẹ́ẹ̀ jẹ iná. Bí ẹ bá ṣájì rẹ̀ fún wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin, ó máa gbé yín dé alẹ́. Páwà bánkì tí ẹ fi ń ṣájì fóònù tó o. Láàárín ọdún kan yẹn, kò sí ọjọ́ kan tí àìsí iná mú kí etí mi di.

Iná tí kò wá ò ṣe mí ní nǹkan kan. Èyí tó wá ló ṣe mí.

Alẹ́ ọjọ́ Àìkú kan ni, ní Bàrígà. Ó tó ọjọ́ méjì tí a ti rí iná gbẹ̀yìn. Ṣájà mi, bí àwo dúdú kékeré kan tó ní ihò méjì, wà lórí ẹ̀kítẹ́ńṣàn kan náà tí fíríìjì wà. Iná dé. Gílóòbù pàlọ̀ kọ́kọ́ funfun bí ojú ọ̀sán, àwọn ọmọ àdúgbò pariwo "Ọ̀-pẹ̀-NÉPÀ!" bí wọ́n ṣe máa ń ṣe, èmi sì gbọ́ òórùn rọ́bà tó ń jó. Iná gíríìnì méjì tó máa ń tàn lẹ́nu ihò yẹn kú. Fíríìjì ò ṣe nǹkan kan, torí a ra sitẹbiláísà fún un. A ra sitẹbiláísà fún ẹja, a ò ra fún etí mi.

Mo rò pé ṣájà ni ṣájà. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì mo gbé e lọ sí Computer Village n'Íkẹjà. Ọmọkùnrin kan tú u, ó fi nǹkan kàn án níbí, ó kàn án lọ́hùn-ún, ó ní, "Dádì, adápítọ̀ yín ò ṣe nǹkan kan. Bọ́ọ̀dù inú àwo yìí ló ti jó, ẹ sì lè wá gbogbo ibi yìí, ẹ ò ní rí i." Mo ní kó wá wáyà kan kì bọ ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀. Ó yí i síwá sẹ́yìn. Kò síbi tí wáyà ń gbà wọ̀ ọ́. Inú àwo tirẹ̀ nìkan ló ti ń jẹun.

Mo padà sọ́dọ̀ àwọn tó tà á fún mi. Wọ́n fọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ o. "Ẹ má bínú, sà, pẹ̀lú ẹ̀rọ ló máa ń bá wa wọlé, a kì í kó ṣájà lọ́tọ̀." Wọ́n gbé ti ẹ̀rọ tuntun tí iléeṣẹ́ kan náà ṣe jáde wá, a dán an wò, tèmi ò wọnú ihò rẹ̀. Wọ́n ní àwọn á kọ̀wé sí òkè òkun.

Ọ̀sẹ̀ méje. Ẹ̀rọ méjì tí kò ní àrùn kankan dùbúlẹ̀ sínú páálí wọn, èmi sì padà sídìí "ẹ fún un." Ọ̀sẹ̀ kẹrin ni ìyá ìyàwó kan pè mí lórí fóònù nípa káàdì ìgbéyàwó. Fóònù fúnra rẹ̀ máa ń gé ohùn òkè kù, ìyẹn nìkan ti tó ìyà. Màmá ní ọjọ́ kẹsàn-án, mọ́tò kan fun fèrè lójú títì, ó gbé ìdí ọ̀rọ̀ náà mì, èmi gbọ́ ọjọ́ kẹfà. Mo tẹ 300 káàdì ọjọ́ kẹfà, aláwọ̀ wúrà. Owó àpò mi ni mo fi tún wọn tẹ̀. Kò sí bátìrì tí mo ti rà títí dòní tó gbọ̀n mí lápò tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ sì rántí pé bátìrì wà nínú oníṣájà náà, ẹ kàn ò rí i ni. Tó bá tó ọdún mẹ́rin sí márùn-ún, ó máa ń rẹ̀, ọwọ́ àwọn tó ṣe é ló sì kù sí láti pààrọ̀ rẹ̀.

Bátìrì náà, àti àléébù rẹ̀

Nọ́ńbà 13 ni tèmi, èyí tó ní bébà aláwọ̀ ọsàn lẹ́yìn. Àwọn tí ẹ̀rọ wọn kéré ń lo 312, aláwọ̀ búráùn. Àwọn tí etí wọn ti di gan-an ń lo 675, aláwọ̀ búlúù. Afẹ́fẹ́ ló ń jẹ́ kó ṣiṣẹ́. Ẹ bó bébà yẹn, ẹ máa rí àwọn ihò bí ojú abẹ́rẹ́. Ẹ gbé e sílẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú márùn-ún kó mí dáadáa kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ. Èmi kì í ní sùúrù tẹ́lẹ̀, mo sì ń bú bátìrì pé kì í pẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan tí ẹ bá sì ti bó o, ó ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, ẹ lò ó, ẹ ò lò ó. Ẹ má bó méjì lẹ́ẹ̀kan torí pé ẹ ń rìnrìn àjò.

Ọ̀kan ń gbé mi kọjá ọ̀sẹ̀ kan. Ọyẹ́ máa ń gbẹ omi inú rẹ̀, ooru òjò náà kì í sì í ṣe é lóore, nítorí náà mi ò ka ọjọ́ mọ́. Ẹ wo ọjọ́ tó wà lẹ́yìn páálí kí ẹ tó sanwó. Ọkùnrin kan ní Balógun fẹ́ ta bátìrì aago fún mi, gígùn rẹ̀ àti fífẹ̀ rẹ̀ bá tèmi mu rẹ́gí. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, kò sí ihò kankan. Mo dá a padà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé rí i, wọ́n máa ń gbé e mì, ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn sì nìyẹn lójú ẹsẹ̀.

Ó lè kú níbi tí kò yẹ. Tèmi kú ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́sí. Ó kọ́kọ́ ké pípí, mo bó òmíràn lórí ìjókòó, mo gbé e sórí Bíbélì kó mí, mo tì í bọ̀ ọ́. Pásítọ̀ ò tíì kúrò lórí ìkéde.

Àwọn ìyókù

Owó: oníṣájà tó owó ilé ọdún kan ní Bàrígà, oníbátìrì ò tó bẹ́ẹ̀, àmọ́ kọ́bọ̀ kọ́bọ̀ bátìrì kì í tán. Òógùn àti òjò: ẹ nu méjèèjì lálẹ́, ẹ dé wọn mọ́nú ike tó ní nǹkan tó ń fa omi. Ẹwà: ẹnikẹ́ni ò wo ẹ̀yìn etí yín.

Ìka ọwọ́: ibí ni oníṣájà ti borí. Àgbàlagbà tí ìka rẹ̀ ti kú tipiri, tí ojú rẹ̀ sì ti ń ṣe bàìbàì, ẹ má fi bátìrì tó kéré ju èékánná lọ dá a lágara.

Nítorí náà, méjèèjì ló dáa, ó kù sọ́wọ́ oníkálukú. Bí bàbá yín kò bá lè mú nǹkan kékeré, bí ilé bá ní sitẹbiláísà tàbí ínfátà, bí ẹ bá lè ra ṣájà méjì lọ́jọ́ kan náà tí ẹ ra ẹ̀rọ, tí ẹni tó tà á sì kọ ọ́ sínú ìwé pé òun á máa kó irú rẹ̀ wọlé, ẹ ra oníṣájà. Bí ọ̀kan bá yẹ̀ nínú ìwọ̀nyí, oníbátìrì wà ńlẹ̀.

Ṣájà mi dé nígbẹ̀yìn. Ó wà nínú dúróà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ̀rọ méjèèjì ṣì ń ṣiṣẹ́ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kó tó lọ rà á, kó yà ní Ṣómólú. Tó bá sì jẹ́ ọjọ́ kẹsàn-án ló ń bọ̀, kó fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, kó má pè mí.