Bébà pH onírólù, 1 sí 14: ó mọ ásíìdì, ó mọ béèsì, iyọ̀ ni kò mọ̀ dáadáa

Bébà tẹ́ẹ́rẹ́ ni, tí wọ́n fi ń wọn pH, ìyẹn nọ́ńbà tó ń sọ bí nǹkan ṣe jẹ́ ásíìdì tàbí béèsì tó: 7 ni àárín, ìsàlẹ̀ rẹ̀ ni ásíìdì, òkè rẹ̀ ni béèsì. Wọ́n ti rẹ ẹ́ sínú aró oríṣiríṣi, wọ́n sá a gbẹ, wọ́n wá ká a sínú ike kékeré tí àtẹ àwọ̀ wà lára rẹ̀. Tí ẹ bá fẹ́ fi kọ́ ọmọ ní ásíìdì àti béèsì, ẹ rà á, owó yín ò ní ṣòfò. Litmus, bébà pupa tàbí búlúù tí wọ́n sábà fi ń dá ásíìdì àti béèsì mọ̀, kò lè bá a dù ú. Búlúù litmus á di pupa tí pH bá ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 4.5, pupa rẹ̀ á di búlúù tó bá ti kọjá nǹkan bí 8.3, ṣùgbọ́n ohun tó bá bọ́ sáàárín méjèèjì, kò rí nǹkan gidi sọ nípa rẹ̀. Ti onírólù ní nọ́ńbà: pupa lọ́dọ̀ 1, àwọ̀ ewé ní 7, àlùkò lápá 14. Nọ́ńbà ọ̀hún wúlò gan-an, torí tó bá fi 1 wálẹ̀, agbára ásíìdì ti di ìlọ́po 10.

Ìlò rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì ṣe. Ẹ má kì í bọ inú ife, aró rẹ̀ máa ń ṣí sínú omi. Ẹ gé nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 2, ẹ fi ẹ̀mú gbé e sórí àwo funfun (òógùn ọwọ́ lè yí àwọ̀ rẹ̀ padà), kí ẹ wá fi ọ̀pá gíláàsì kán ẹ̀kán kan péré sí i. Tó bá jẹ́ fínígà, ẹ wò ó dáadáa: àárín rẹ̀ á pọ́n, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ á máa fẹ̀ lọ, àwọ̀ ibẹ̀ á sì máa ṣá, torí àwọn aró inú bébà kì í bá omi rìn bákan náà. Àárín ni kí ẹ fi wé àtẹ, láàárín ìṣẹ́jú àáyá 30, kó tó gbẹ. Fínígà tó ní ásíìdì 5% yẹ kó bọ́ sáàárín 2 sí 3, omi baking soda sí nǹkan bí 8. Ẹ fi méjèèjì yìí dán rólù tuntun wò kí ẹ tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Bílíìṣì máa ń sọ bébà di búlúù, lẹ́yìn náà á di funfun. Bébà kò bàjẹ́ o, bílíìṣì ló fọ aró dànù.

Ibi tí ọjà yìí ti kù káàtó ni iyọ̀, ìyẹn ohun tí ásíìdì àti béèsì máa ń bí tí wọ́n bá pàdé. Ẹ po sodium chloride mọ́ omi, 7 ló yẹ kó jẹ́, torí ásíìdì líle àti béèsì líle ló bí i. Bébà lè sọ pé 5 tàbí 6. Gáàsì carbon dioxide inú afẹ́fẹ́ ti wọnú omi náà, ó lè fà á wálẹ̀ dé nǹkan bí 5.6, kò sì sí ohunkóhun nínú omi iyọ̀ yìí tó lè dá pH dúró. Ẹ se omi náà fún ìṣẹ́jú mélòó kan, ẹ dé e, kó tutù kí ẹ tó da iyọ̀ sí i. Ammonium chloride ń tẹ̀ sí apá ásíìdì ní tòótọ́, nítorí béèsì rẹ̀ kò lágbára, àmọ́ ẹni tí kò se omi kò ní mọ ìyàtọ̀ láàárín òun àti iyọ̀ ọbẹ̀.

Fún iṣẹ́ iyọ̀, èyí tó jẹ́ ọ̀pá ike olójú mẹ́rin, tí ojú kọ̀ọ̀kan ní aró tirẹ̀, ni kí ẹ rà. Aró rẹ̀ kì í ṣí, ẹ lè fi í sínú omi títí àwọ̀ rẹ̀ á fi dúró, ojú mẹ́rin sì ń jẹ́rìí fún ara wọn.

Kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó yẹ títíréṣọ̀n, ìyẹn dída béèsì sínú ásíìdì díẹ̀díẹ̀ títí wọ́n á fi pa ara wọn gẹ́lẹ́. Tí ẹ bá ń da NaOH (béèsì líle) 0.1 M, ìyẹn móòlù 0.1 nínú lítà kan, sínú HCl (ásíìdì líle) 0.1 M tó jẹ́ mílílítà 25, tó bá ku ẹ̀kán kan, pH wà ní nǹkan bí 4. Tó bá fi ẹ̀kán kan lé, ó ti di 10. Phenolphthalein, aró tí wọ́n ń kán sínú ásíìdì náà, ló ń mú irú ìfò yẹn.

Ẹ má tọ́jú rólù sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà pẹ̀lú amóníà tàbí HCl. Tí etí rẹ̀ bá ti yí àwọ̀, ẹ já ìpele òde dànù títí ẹ ó fi kan ibi tó ṣì mọ́.