MX-5 tòkúnbọ̀: ẹ́ńjìnnì lítà 1.5 àbí 2.0?
Nínú Mazda MX-5, ọkọ̀ kékeré oníjókòó méjì, tó jáde láti 2015, 1.5 ti Yúróòpù ní agbára ẹṣin 131, 2.0 sì ní 160. Láti 2019, ó di 184. Àmọ́ fún àwa ará Kàbbà, agbára ìfà (torque) ló jà jù: 1.5 ní 150 Nm, 2.0 ní 200. Bí tírélà sìmẹ́ńtì bá tò síwájú yín lọ́nà Ọbajànà, ẹ ó kọ́kọ́ já jíà 1.5 wálẹ̀, kí ẹ tẹná mọ́ ọn títí yóò fi han. 2.0 ti kọjá ní tiẹ̀. Òun ni mo fara mọ́ gidigidi. Òótọ́ ni pé 1.5 fúyẹ́ níwájú, ó sì dùn ún yí ní kọ́nà. Ṣùgbọ́n wọn ò tà á ní Amẹ́ríkà rárá, nítorí náà bó bá jẹ́ 1.5 lẹ fẹ́, ti Yúróòpù ni kí ẹ wá.