Sìkánà àlòkù, àpótí bàtà méje àti pẹ́ńsùlù bàbá mi

Fọ́tò 1,300 ló wà nínú àpótí bàtà méje tí bàbá mi fi sílẹ̀, n kò tíì ka nẹ́gẹ́tíìfù, ìyẹn fíìmù tí wọ́n ti ń tẹ fọ́tò jáde, mọ́ ọn. Mo kó ogún nínú wọn lọ sí ṣọ́ọ̀bù kan nítòsí Ọláìyá pé kí wọ́n bá mi gbé wọn sórí kọ̀ǹpútà. ₦500 ni wọ́n pe ẹyọ kan. Aṣọ ni mò ń tà ní Ọjà Ọba, ìṣirò kì í ṣòro fún mi: ₦650,000 nìyẹn fún gbogbo rẹ̀. Ọmọkùnrin tó gbà á lọ́wọ́ mi tẹ́ wọn sórí tábìlì, ó ń fi fóònù yà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìgbà tí mo délé tí mo wò wọ́n, gílóòbù òkè àjà wọn ń tàn ní iwájú orí gbogbo àwọn bàbá wa. Mo sì ti fa nẹ́gẹ́tíìfù yọ fún un níbẹ̀ o, ẹ̀rín ló fi dá mi lóhùn. "Màmá, ta ló tún ń lo èyí?"

Bàbá mi ló lò ó. Fọtógíráfà ni, Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni sítúdíò rẹ̀ wà, ó sì máa ń fọ́nnu pé ìdajì àwọn obìnrin tó relé ọkọ ní Òṣogbo, iwájú kámẹ́rà òun ni wọ́n gbà kọjá. (Fọtógíráfà méjì mìíràn wà ládùúgbò tí wọ́n ń sọ ohun kan náà. Ẹ bá mi ka iye ìdajì tó wà níbẹ̀.) Kámẹ́rà Yashica oníléńsì méjì ló ń lò, irú èyí tí èèyàn ń wò láti òkè bí ẹni ń yojú sínú kànga. Fíìmù 120 ló ń gbà, àwòrán méjìlá péré lórí róòlù kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́fà ní ìbú àti ní òró. Títóbi yẹn ló jẹ́ kí n wá sìkánà, ẹ̀rọ tó ń gbé fọ́tò àti fíìmù sórí kọ̀ǹpútà, rà dípò kí n fi fóònù ṣe é.

Epson Perfection V600 ni mo rà, àlòkù, láti Computer Village ní Ìkẹjà, ₦240,000. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ kúrò lára sìkánà tí ẹ ń rí lọ́dọ̀ àwọn tó ń ṣe fọ́tókọ́pì ni pé iná wà nínú ìdérí rẹ̀. Fọ́tò orí pépà, ìsàlẹ̀ ni iná ti ń bà á tó sì ń ta padà. Nẹ́gẹ́tíìfù kò rí bẹ́ẹ̀, inú rẹ̀ ni iná gbọ́dọ̀ gbà kọjá, bí oòrùn ṣe ń gba inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Láìsí iná òkè yẹn, dúdú lásán lẹ máa rí. Ẹni tí kò bá ní nẹ́gẹ́tíìfù nílé, kó má wulẹ̀ ná owó rẹ̀ sí i.

Ẹni tó tà á fún mi búra pé gbogbo ohun èlò rẹ̀ pé. A tú páálí: férémù tí wọ́n ń to fíìmù kékeré 35mm sí wà níbẹ̀, ti fíìmù ńlá tí mo torí rẹ̀ rìnrìn àjò dé Èkó kò sí. Mo pe ọkùnrin náà, fóònù rẹ̀ dún títí, kò gbé e. Ni mo bá mú kàlẹ́ńdà ọdún tó kọjá, mo gé e sí férémù, mo lẹ̀ ẹ́ ní ìpele méjì. Fíìmù kò gbọdọ̀ sùn lé dígí, ẹ jọ̀ọ́. Tó bá sùn lé e, òrùka aláràbarà á yọ sára àwòrán, bí epo mọ́tò tó dà sínú omi òjò. Ó gbọ́dọ̀ ga díẹ̀, kó sì tẹ́ pẹrẹsẹ. Èyí tó bá ti ká, ẹ fi sáàárín pépà funfun méjì, kí ẹ gbé ìwé ńlá lé e fún ọjọ́ mélòó kan.

Férémù kàlẹ́ńdà mi kò kọ́kọ́ ṣiṣẹ́. Gbogbo àwòrán ń jáde pẹ̀lú ìlà gbọọrọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni mo fi ń bú ẹ̀rọ náà, kó tó yé mi pé èmi ni mo jẹ̀bi. Àlàfo kan wà lápá òkè férémù gidi, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ ti ń wo iná tirẹ̀ kó tó bọ́ sórí fíìmù, kó lè mọ bí ìmọ́lẹ̀ ṣe pọ̀ tó. Páálí tèmi ti dí i pa. Mo gé ibẹ̀ kúrò, ìlà lọ.

Ojú tó ń dán lára fíìmù ló ń kọ sísàlẹ̀. Mo ṣe é lódì lọ́jọ́ tí mò ń ṣe àwọn tí bàbá mi yà ní ibùdó rélùwéè wa. Bọ́ọ̀dù tí wọ́n kọ OSHOGBO sí di OBGOHSO. Mo jókòó, mo ń ronú ìlú Hausa tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ní ti dpi, ìyẹn iye àmì tí ẹ̀rọ ń kà nínú ínǹṣì kan, ẹ lè gbé e dé 6400. Ẹ má jẹ́ kó wọ̀ yín lójú. Fọ́tò pépà tó jẹ́ ínǹṣì 4 sí 6, 600 dpi ti tó o. Píksẹ́lì 2400 sí 3600 nìyẹn, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ jáde ní ìlọ́po méjì òró àti ìbú rẹ̀ kó ṣì mọ́ kedere. Mẹ́ta irú rẹ̀ ni dígí náà ń gbà lẹ́ẹ̀kan, méjì ní òró, ọ̀kan ní ìbú lábẹ́ wọn. Nẹ́gẹ́tíìfù ńlá ti bàbá mi, 2400 dpi ni mo ń lò: nǹkan bíi 5,300 ní ìbú, 5,300 ní òró, fáìlì TIFF kan (irú èyí tó ń pa gbogbo ohun tí ẹ̀rọ rí mọ́) sì ń tó mẹ́gábáìtì 56. Ibi tí ìyàtọ̀ wà nìyí. Fọ́tò ìgbéyàwó kan wà tí mo mọ̀ láti kékeré, pépà rẹ̀ kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, ẹnu ọ̀nà dúdú ló wà lẹ́yìn ìyàwó. Nínú nẹ́gẹ́tíìfù, ẹnu ọ̀nà náà kò dúdú. Ọmọ kékeré kan wà níbẹ̀ tó ń jẹ nǹkan, ó ń wo ìyàwó. Pépà ti gbé e mì láti nǹkan bí àádọ́ta ọdún.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń bá mi tẹ kọ̀ǹpútà ní, "Àǹtí, ẹ tẹ Digital ICE, gbogbo eruku á lọ." Òótọ́ ni fún fíìmù kálà. Ìmọ́lẹ̀ kan tí ojú wa kò rí ni ẹ̀rọ fi ń wá eruku. Àwọ̀ inú fíìmù kálà kì í dí ìmọ́lẹ̀ yẹn lọ́nà, eruku àti ibi tó họ ló ń dí i, ẹ̀rọ á sì mọ ibi tó yẹ kó nù. Àmọ́ fàdákà ló ṣe àwòrán inú fíìmù dúdú-àti-funfun, fàdákà náà sì ń dí i. A tẹ̀ ẹ́ fún ìyàwó kan tó wọ léèsì funfun. Ẹ̀rọ rò pé eruku ni gbogbo léèsì náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nù ún kúrò lára ìyàwó. Mo ké. Fún dúdú-àti-funfun, ẹ pa á. Ẹ ra pọ́ǹpù kékeré tó ń fẹ́ atẹ́gùn, kí ẹ fẹ́ fíìmù kí ẹ tó tò ó. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ, itọ́ á ta sí i.

Ibi tí mo ti ń fẹ ojú ìyàwó yẹn gan-an ni mo ti rí àwọn ìlà kéékèèké bí ẹsẹ̀ èèrà, lábẹ́ ojú méjèèjì àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ imú. Mo tún fẹ́ fíìmù, wọn kò lọ. Mo gbé e lọ sójú fèrèsé, mo yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún, àwọn ìlà náà ń dán. Pẹ́ńsùlù ni.

Ìrọ̀lẹ́-ìrọ̀lẹ́ ni bàbá mi máa ń jókòó ti fèrèsé pẹ̀lú pẹ́ńsùlù tó gbẹ́ ṣóńṣó bí abẹ́rẹ́, a kò sì gbọdọ̀ bá a sọ̀rọ̀. Mo ti gbà láti kékeré pé ìṣirò gbèsè àwọn oníbàárà ló ń ṣe. Àṣé ojú àwọn èèyàn ló ń tún ṣe. Ibi tí àpá tàbí rorẹ́ bá wà, fíìmù á fúyẹ́ níbẹ̀. Pẹ́ńsùlù ni wọ́n fi ń dí i, tí wọ́n bá wá tẹ̀ ẹ́ sórí pépà, ojú á jọ̀lọ̀. Àwọn obìnrin Òṣogbo ti ń lo fíltà kí wọ́n tó bí ẹni tó ṣe Snapchat. Àbúrò mi tó wà ní Ìbàdàn ní kí n fi kọ̀ǹpútà pa àwọn ìlà náà rẹ́, kí àwòrán lè mọ́. N kò pa wọ́n.

Fọ́tò ìbejì kan náà wà, tó gbé ara ògiri sítúdíò títí mo fi kúrò nílé. Ọmọbìnrin méjì, búbà kan náà, àpótí ìjókòó kan náà. Mo tò nẹ́gẹ́tíìfù rẹ̀ sí férémù kàlẹ́ńdà mi, èyí tó ń gba mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan. Nínú èkíní, ọmọ kan jókòó sápá òsì, òfo lápá ọ̀tún. Nínú èkejì, ọmọ náà ló tún jókòó sápá ọ̀tún, wọ́n ti yí ojú rẹ̀ padà. Mo gbé e lọ bá Màámi. Ó wò ó títí. "Kẹ́hìndé ti lọ kí wọ́n tó wá. Ìyá wọn ní òun fẹ́ rí àwọn méjèèjì pọ̀." Àwọn fọtógíráfà mìíràn nílẹ̀ Yorùbá ṣe irú rẹ̀, Ìlá-Ọ̀ràngún náà wà níbẹ̀. N kò kàn mọ̀ pé ara ògiri wa ni ọ̀kan wà. Mo tọ́jú fáìlì méjèèjì lọ́tọ̀, mo tọ́jú èyí tí bàbá mi so pọ̀ náà.

Màámi kì í rántí ọdún, aṣọ ló ń rántí. Ó tọ́ka sí àwòrán kan: "Léèsì yìí la rà lọ́dún tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀." Mo kọ 1991 sínú orúkọ fáìlì. Àwọn fọ́tò kálà ìgbà yẹn ti pọ́n wẹ̀ẹ̀, ooru ti jẹ àwọ̀ yòókù. Ibi tí èèyàn ti lè dá àwọ̀ padà wà nínú ètò sìkánà náà lórí kọ̀ǹpútà, ó sì ń gbìyànjú, ṣùgbọ́n àwọ̀ tó ti ṣí kúrò lára pépà, kò sí ẹ̀rọ tó lè mọ̀ ọ́n. Ẹ̀rọ ní búlúù ni léèsì náà. Màámi ní ewé ni. Èmi tí mò ń ta aṣọ, ti Màámi ni mo gbà.

Fóònù kò yẹ ní jíjù sọnù o. Fọ́tò tó ti lẹ̀ mọ́ dígí férémù, ẹ má fà á, awọ rẹ̀ á bó. Áàpù Google PhotoScan, ọ̀fẹ́ ni, ó máa ní kí ẹ gbé fóònù sórí àmì mẹ́rin lọ́kọ̀ọ̀kan, á sì pa ìtànṣán orí dígí rẹ́. Gbogbo fọ́tò ara ògiri ilé wa, bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe wọ́n.

Máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá ni mo fún sìkánà yìí. Mo yọ méjì torí ó gba sùúrù: ká nu dígí, ká fẹ́ fíìmù, ká tò ó, ká dúró, ká kọ orúkọ. Alẹ́ kan, àwòrán ogún, tí iná bá wà. Mo tọ́jú gbogbo rẹ̀ síbi mẹ́ta, kọ̀ǹpútà mi, dírafù kan lọ́dọ̀ àbúrò mi n'Íbàdàn, àti JPEG, fáìlì tó kéré ju TIFF lọ, nìkan lórí Google, torí 15GB ọ̀fẹ́ wọn kò lè gbà ju TIFF bíi 260 lọ.

Àpótí méjì ló kù. Èyí tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ń rùn bí ọtí kíkan, fíìmù inú rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́, òórùn yẹn sì máa ń ran èyí tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti gbé e kúrò láàárín àwọn yòókù, ó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Òun ni mo máa ṣe lọ́la, kí ọyẹ́ tó dé.