Ẹsẹ̀ ni wọ́n kọ́kọ́ kọ́ mi: àgbéyẹ̀wò kíláàsì ẹ̀ṣẹ́ kan ní Sùúrùlérè

Láti ọdún tó kọjá ni mo ti ń lọ sí kíláàsì àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ ní jíìmù kékeré kan ní Sùúrùlérè. Bó bá ṣe ibi tí wọ́n á ti máa yìn yín pé ẹ lágbára lẹ ń wá, ẹ má wulẹ̀ débẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n jà ni kó lọ.

Kọ́ọ̀ṣì ò tiẹ̀ jẹ́ ká fọwọ́ kan àpò ẹ̀ṣẹ́ níbẹ̀rẹ̀. Ó lẹ téèpù mọ́lẹ̀, ó ní kí ẹsẹ̀ òsì wà níwájú, kí tọ̀tún wà lẹ́yìn, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ má kanlẹ̀. Tá a bá ń lọ síwájú, ẹsẹ̀ iwájú ló ń kọ́kọ́ sún. Tá a bá ń fà sẹ́yìn, ti ẹ̀yìn ni. Wọn ò gbọdọ̀ pàdé, torí ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá pa pọ̀, ẹ̀ṣẹ́ yẹpẹrẹ lè gbé e ṣubú.

Lẹ́yìn náà ló kan jáàbù, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ tààrà tá a ń fi ọwọ́ iwájú jù. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti jèrè owó tí mo san. Kì í ṣe bí ẹ̀ṣẹ́ ṣe ń lọ ni kọ́ọ̀ṣì ń wò, bó ṣe ń padà ni. Bí ọwọ́ mi bá ti gba ìsàlẹ̀ bọ̀, pádì tí kọ́ọ̀ṣì fi ń gba ẹ̀ṣẹ́, èyí tó wà ní ọwọ́ rẹ̀ kejì, á ti bà mí létí: “Ìwọ ọmọ yìí, ta lo ní kó máa ṣọ́lé?” “Ẹ má bínú, kọ́ọ̀ṣì.” “Tún un ju!” Ní báyìí, èjìká mi ti ń gbé sókè fúnra rẹ̀ láti bo àgbọ̀n.

Ó tún kọ́ wa ní ọgbọ́n ìjà. Nínú ìjà àwọn àgbà tí wọn kì í torí owó jà, ráùndì 3 ni, ìṣẹ́jú 3-3. Adájọ́ 5 ló ń wò ó, ẹni tó bá borí ráùndì ló ń gba máàkì 10. Kò sí àyè pé ẹ̀ ń fi ráùndì kan wo ojú ẹnìkejì. Ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n sì ń kà ni èyí tí iwájú ìbọ̀wọ́ bá gbé ba iwájú tàbí ẹ̀gbẹ́ orí, tàbí ara lókè bẹ́líìtì. Fífi àtẹ́lẹwọ́ gbá èèyàn ò já mọ́ nǹkan kan. Ọ̀gbẹ́ni ọlọ́wọ́ òsì kan wà, tó ń fi ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, tó ń yọ mí lẹ́nu gan-an. Kọ́ọ̀ṣì ní kí n máa gbé ẹsẹ̀ òsì mi sí ìta ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀, kí n wá fi ọwọ́ ọ̀tún lọ tààrà. Ó ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an.

Ohun tó ń dùn mí ni irinṣẹ́. Ìbọ̀wọ́ oúnsì 16 tá a fi ń ṣe sparring, ìyẹn ìjà ìdánrawò, ò kárí, òógùn ẹlòmíì sì máa ń wà nínú akoto orí. Ẹ̀ṣẹ́ ló gba àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ fún Nàìjíríà, bàbà tí Nojeem Maiyegun gbà ní Tokyo lọ́dún 1964. Ó yẹ kí irinṣẹ́ àwọn tó ń kọ́ ọ lónìí sàn jù báyìí lọ.

Mo fara mọ́ bí wọn kì í ṣe yára ti ẹnikẹ́ni sínú sparring. Jáàbù nìkan la kọ́kọ́ ń jù síra wa, ẹni tí kò bá sì ní ìdáàbòbò eyín, kọ́ọ̀ṣì ò ní jẹ́ kó wọlé. Ẹ ra tiyín, àti báńdéèjì ọwọ́ tó gùn tó mítà 4.5. Èrò máa ń pọ̀ ní Sátidé débi pé ẹ ò ní pẹ́ nídìí pádì. Ìrọ̀lẹ́ àárín ọ̀sẹ̀ ni kẹ́ ẹ lọ.